Oògùn Ara Ríro àti Egungun Tó Kán: Ó Yẹ Kí Olóògùn Béèrè Kí Ó Tó Tà

Kò ṣòro rárá láti ra oògùn ara ríro ní Karmo, àdúgbò tí ó wà nítòsí Life Camp àti Jabi ní ìlú Àbújá. Ṣọ́ọ̀bù àwọn olóògùn wà káàkiri ẹ̀bá títì àti inú ọjà, bẹ́ẹ̀ ni àwọn mìíràn ń gbé tiwọn kiri lórí àtẹ. Ibuprofen wà níbẹ̀, diclofenac wà níbẹ̀, piroxicam àti indomethacin náà wà níbẹ̀. Ẹni tí ó fẹ́ rà kì í ní àlàyé púpọ̀ láti ṣe. Bí ó bá ti lè sọ pé ara ń ro òun, olóògùn yóò ka hóró mélòó kan fún un, yóò gba owó, yóò sì kọjú sí oníbàárà mìíràn. Ìbéèrè kan wà tí kì í sábà jáde lẹ́nu olóògùn, òun sì ni pé: ṣé egungun yín kán ni?

Ìbéèrè yìí kì í ṣe ti àtojúbọ̀. Ó ti lé ní ogún ọdún tí àwọn onímọ̀ ìṣègùn ti ń jiyàn lórí bóyá àwọn oògùn wọ̀nyí, tí wọ́n wúlò púpọ̀ fún ìrora, ń dí àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń tún egungun ṣe lọ́wọ́. Àríyànjiyàn náà kò tíì parí. Síbẹ̀, ohun tí ó ti hàn nínú rẹ̀ pọ̀ tó láti mú kí olóògùn ní Karmo yí ìṣe rẹ̀ padà, ó sì pọ̀ tó láti mú kí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nínú POP fẹ́ mọ ohun tí òun ń gbé mì.

Egungun kì í ṣe igi gbígbẹ. Bí ó bá kán, ẹ̀jẹ̀ yóò ya sí ojú ibẹ̀, yóò sì dì. Láàárín wákàtí díẹ̀ ibẹ̀ yóò wú, yóò gbóná, yóò sì máa dunni gidigidi. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé àìsàn ni wíwú yìí, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ àtúnṣe ni. Òun ni ó ń pe àwọn sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní stem cell, jáde láti inú mùdùnmúdùn àti láti ara awọ tín-ín-rín tí ó bo egungun. Àwọn sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí dà bí ọmọ tí kò tíì yan iṣẹ́ tí yóò kọ́. Wọ́n lè di egungun, wọ́n lè di ọ̀rá, wọ́n sì lè di eegun rírọ̀ irú èyí tí ó wà ní etí àti imú. Ní ojú ibi tí egungun ti kán, wọn a kọ́kọ́ bí sí i. Apá kan nínú wọn a di eegun rírọ̀ tí yóò so orí méjèèjì pọ̀ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ni egungun líle yóò wá gba ipò rẹ̀. Iṣẹ́ náà lè gba ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ó sì lè gba oṣù mélòó kan, gẹ́gẹ́ bí irú egungun tí ó kán àti ọjọ́ orí ẹni tí ó ni ín.

Alexander Friedenstein, onímọ̀ ará Rọ́ṣíà, ni ó fi hàn fún ayé, láti nǹkan bí ọdún 1960 sí 1980, pé àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà nínú mùdùnmúdùn tí wọ́n lè di egungun bí wọ́n bá gbìn wọ́n sí ibòmíràn nínú ara ẹranko. Ní ọdún 1991, Arnold Caplan ní Amẹ́ríkà fún wọn ní orúkọ tí wọ́n ń jẹ́ títí di òní, mesenchymal stem cell. Ọ̀rọ̀ náà gùn lẹ́nu, ṣùgbọ́n ohun tí ó ń tọ́ka sí wà nínú egungun gbogbo ènìyàn.

Ibo wá ni oògùn ti wọ ọ̀rọ̀ náà? Aspirin dé orí àtẹ ní ọdún 1899 láti ọwọ́ ilé iṣẹ́ Bayer ní Jámánì. Nílẹ̀ Yorùbá, Jacob Sogboyega Odulate bẹ̀rẹ̀ sí í po ìyẹ̀fun Alábùkún ní Abẹ́òkúta ní nǹkan bí ọdún 1918, aspirin pẹ̀lú kafeini ni ó sì wà nínú rẹ̀. Ìyẹ̀fun náà rìn jìnnà, ó rékọjá ibodè, títí tí ọ̀pọ̀ àgbàlagbà fi ń pe gbogbo oògùn orí fífọ́ ní Alábùkún. Síbẹ̀, fún ohun tí ó lé ní àádọ́rin ọdún ni aráyé fi ń lo aspirin láì mọ ọ̀nà tí ó ń gbà ṣiṣẹ́. Ọdún 1971 ni John Vane ní Lọ́ńdọ̀nù ṣàlàyé rẹ̀, tí ó sì pín ẹ̀bùn Nobel pẹ̀lú àwọn onímọ̀ méjì ará Sweden ní ọdún 1982. Àlàyé rẹ̀ ni pé aspirin àti àwọn ẹbí rẹ̀ kì í jẹ́ kí ara ṣe èròjà kan tí ń jẹ́ prostaglandin. Èròjà yìí ni ó ń mú kí ibi tí ó farapa wú, kí ó gbóná, kí ó sì dunni. Ohun tí ń ṣe é jáde nínú ara ni wọ́n ń pè ní COX, ẹ̀yà méjì pàtàkì ni ó sì ní, COX-1 àti COX-2. Ibuprofen, diclofenac, piroxicam, indomethacin àti celecoxib, ọ̀kan nínú wọn tàbí méjèèjì ni gbogbo wọn ń dí lọ́nà.

Ṣùgbọ́n prostaglandin kan náà yìí ni ó ń jíṣẹ́ fún àwọn sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ pé kí wọ́n dìde, kí wọ́n sì di egungun. Oníṣẹ́ kan ni ó ń jẹ́ iṣẹ́ méjì. Ẹni tí ó bá ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn nítorí ìrora ti ti ilẹ̀kùn mọ́ iṣẹ́ egungun pẹ̀lú.

Ní ọdún 2002, ọ̀wọ́ àwọn onímọ̀ méjì ní Amẹ́ríkà, ọ̀kan ní Rochester, ọ̀kan ní New Jersey, tẹ ìwádìí wọn jáde lórí èyí. Wọ́n lo eku tí kò ní COX-2 nínú ara rẹ̀ rárá. Nígbà tí egungun àwọn eku náà kán, ìsopọ̀ rẹ̀ fà sẹ́yìn, òmíràn kò tilẹ̀ so. Àwọn sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ pé jọ sí ojú ibẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n lọ́ra láti di egungun. Àwọn eku mìíràn tí wọ́n fún ní celecoxib tàbí rofecoxib náà jìyà irú rẹ̀. Rofecoxib yìí ni wọ́n kó kúrò lórí àtẹ káàkiri ayé ní ọdún 2004, àmọ́ nítorí ọkàn àwọn aláìsàn ni, kì í ṣe nítorí egungun.

Eku kì í ṣe ènìyàn, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìròyìn láti ara ènìyàn náà wà. Ní ọdún 2000, àwọn oníṣẹ́ abẹ ní Leeds, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi àwọn aláìsàn 32 tí egungun itan wọn kọ̀ láti so wé àwọn 67 tí tiwọn so. Lílo oògùn ara ríro irú èyí wọ́pọ̀ púpọ̀ láàárín àwọn tí egungun wọn kọ̀. Ní ọdún 2003, ìròyìn mìíràn jáde nípa indomethacin. Àwọn oníṣẹ́ abẹ máa ń fún àwọn tí egungun ìbàdí wọn fọ́ ní oògùn yìí kí egungun má baà hù níbi tí kò yẹ, nínú ẹran ara tí ó yí ìbàdí ká. Nínú àwọn tí egungun gígùn mìíràn tún kán lára wọn, tí wọ́n sì lo indomethacin, ìdá 26 nínú ọgọ́rùn-ún ni egungun náà kò so fún. Láàárín àwọn tí kò lò ó, ìdá 7 péré ni. Ó yẹ kí ènìyàn dúró díẹ̀ lórí èyí. Àwọn dókítà fúnra wọn ń lo oògùn kan láti dá egungun dúró kí ó má hù, oògùn kan náà sì ni ẹni tí egungun rẹ̀ kán lè rà ní Karmo láìsí ìwé dókítà.

Kò ní dára kí ọ̀rọ̀ náà dúró síbẹ̀ bí ẹni pé ẹjọ́ ti dá. Ní ọdún 2020, àwọn onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà yẹ àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn 339,864 tí egungun wọn kán wò. Wọ́n rí i pé àwọn oògùn tí ó dojú kọ COX-2 nìkan, irú celecoxib, bá àìso egungun rìn, ṣùgbọ́n irú ibuprofen kò fi bẹ́ẹ̀ bá a rìn. Àwọn oògùn líle tí ó jẹ mọ́ opium náà bá a rìn. Nípa ti àwọn ọmọdé, ìwádìí tí ó ti jáde kò fi hàn pé ibuprofen ọjọ́ díẹ̀ ń ṣèdíwọ́ fún egungun wọn.

Ìṣòro kan tún wà nínú gbogbo ìwádìí tí ó bá ń wo ẹ̀yìn. Egungun tí kò so máa ń dun ẹni tí ó ni ín fún ìgbà pípẹ́, ẹni tí ó bá sì ń jẹ̀rora kò lè ṣe kó má wá oògùn. Ṣé oògùn ni kò jẹ́ kí egungun so, àbí egungun tí ó kọ̀ láti so ni kò jẹ́ kí aláìsàn fi oògùn sílẹ̀? Àwọn tí ń mu sìgá wà nínú wọn, àwọn tí ó ní ìtọ̀ ṣúgà wà nínú wọn, àwọn nǹkan méjèèjì yìí sì ń fa ọwọ́ egungun sẹ́yìn.

Àwọn tí ó gbé ọ̀rọ̀ náà wọ inú ìgò yàrá ìwádìí kò fi ẹnu kò. Ní Taiwan, ní ọdún 2007, àwọn onímọ̀ ròyìn pé àwọn oògùn wọ̀nyí dín bí sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ mùdùnmúdùn ṣe ń bí sí i kù. Ní Leeds, ní ọdún 2011, wọ́n rí i pé oògùn kò dí sẹ́ẹ̀lì ènìyàn lọ́wọ́ láti di egungun tààrà, ṣùgbọ́n ó dí wọn lọ́wọ́ láti di eegun rírọ̀. Ẹni tí ó bá rántí pé eegun rírọ̀ ni afárá tí egungun líle ń gbà kọjá yóò rí i pé ìròyìn méjèèjì kò fi bẹ́ẹ̀ takora. Ibi tí oògùn ti ń ṣe ìdíwọ́ ni ó yàtọ̀.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ iye sẹ́ẹ̀lì fi ṣe pàtàkì wà nínú iṣẹ́ Philippe Hernigou, oníṣẹ́ abẹ egungun ní Créteil lẹ́bàá Páríìsì. Ó ń fi abẹ́rẹ́ fa mùdùnmúdùn láti inú egungun ìbàdí aláìsàn fúnra rẹ̀, ó ń ṣà á kí ó lè ki, ó sì ń fún un sí ojú egungun tí ó kọ̀ láti so. Ní ọdún 2005 ó ròyìn àwọn aláìsàn 60 tí egungun ojúgun wọn kò so. Lẹ́yìn ìtọ́jú yìí, ti àwọn 53 so. Àwọn 7 tí tiwọn kò so, sẹ́ẹ̀lì tí ó wà nínú mùdùnmúdùn tí wọ́n fún wọn kéré sí ti àwọn yòókù. Nígbà tí ó jẹ́ pé iye sẹ́ẹ̀lì ni ó ń pinnu àṣeyọrí, kò bọ́gbọ́n mu kí aláìsàn máa lo oògùn tí ó ṣeé ṣe kí ó dín wọn kù, ní ọ̀sẹ̀ kan náà tí wọ́n ń gbìn wọ́n sí i lára.

Hernigou kan náà ti lo ọ̀nà yìí fún àwọn tí orí egungun itan wọn ń kú nítorí àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Níbí ni ọ̀rọ̀ ti kan Nàìjíríà gbọ̀ngbọ̀n. Nǹkan bí ọmọ 150,000 ni wọ́n fojú bù pé a ń bí pẹ̀lú àrùn yìí lọ́dọọdún ní orílẹ̀-èdè yìí, kò sì sí orílẹ̀-èdè tí iye tirẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Inú egungun ni ìrora rẹ̀ ti ń wá. Láti kékeré ni ọmọ fòníkú ti ń gbé ibuprofen àti diclofenac mì, tí yóò sì máa lò wọ́n títí dàgbà. Bí orí egungun itan rẹ̀ bá wá bẹ̀rẹ̀ sí í kú, sẹ́ẹ̀lì inú mùdùnmúdùn rẹ̀ ni yóò nílò. Ẹni tí ó yẹ kí àwọn onímọ̀ kọ́kọ́ dá lóhùn lórí ọ̀rọ̀ yìí ni ọmọ fòníkú.

Ilé tí irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ ti lè bẹ̀rẹ̀ kò jìnnà sí Karmo. Idu, tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ni Ilé Ìwádìí Ìjọba Àpapọ̀ lórí Oògùn, NIPRD, kalẹ̀ sí. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ṣiṣẹ́ lórí Niprisan, oògùn fòníkú tí wọ́n mú láti inú àgbo tí Rev. P. O. Ogunyale mú wá, tí ìyèré, osùn, kànáfùrù àti ọkà bàbà wà nínú rẹ̀. NAFDAC fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 2006, ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà tí ń ṣe é jáde wọ gbèsè ní ọdún 2008. Ilé tí ó lè gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ilé tí kò lè fi sẹ́ẹ̀lì mùdùnmúdùn àwọn ọmọ Nàìjíríà sínú ìgò, kí ó sì wo ohun tí diclofenac ń ṣe sí wọn. Owó ni ó kù, àti ìfẹ́ inú ìjọba.

Kí ó tó di pé owó náà dé, àwọn kan ti ń fi orúkọ sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ pawó. Ìyẹ̀fun inú sáṣẹ́ẹ̀tì àti omi inú ìgò tí wọ́n ń tà ní owó gọbọi, tí wọ́n ní stem cell ni, kò ní sẹ́ẹ̀lì alààyè kankan tí ó lè tún egungun ṣe. Ohun tí ènìyàn bá gbé mì, ikùn ni yóò dà á. Ẹni tí ó bá ní egungun tí kò so, kí ó fi owó náà ṣe x-ray.

Ní Karmo, ọ̀kadà ni ó ń fọ́ egungun jù. Láti ọdún 2006 tí àwọn aláṣẹ Àbújá ti lé ọ̀kadà kúrò ní àárín ìlú, àwọn àdúgbò tí ó wà lẹ́yìn ìlú ni ó fi ṣe ibùjókòó. Bí ọlọ́kadà bá ṣubú tí ojúgun rẹ̀ sì kán, ilé ìwòsàn ìjọba tí ó wà ní Gwarinpa àti National Hospital tí ó wà ní àárín ìlú kò jìnnà púpọ̀. Owó ni ó máa ń jìnnà. Ọ̀pọ̀ ni ó ń gba ọ̀dọ̀ àwọn tí ń to egungun ní ìlànà ìbílẹ̀ lọ, wọ́n sì ní ìdí: owó rẹ̀ rọrùn, ojú mọra, ẹbí sì lè jókòó tì wọ́n. John Onuminya, oníṣẹ́ abẹ egungun ní Nàìjíríà, ti kọ ọ́ láti ọdún 2004 pé kí wọ́n dá àwọn a-to-egungun wọ̀nyí lẹ́kọ̀ọ́ dípò kí wọ́n máa lé wọn. Ohun tí kì í wọ inú àsọyé bẹ́ẹ̀ ni pé ilé ìwòsàn ni o, ilé a-to-egungun ni o, ọ̀dọ̀ olóògùn kan náà ni ẹsẹ̀ méjèèjì ń gbà lọ ní ìrọ̀lẹ́ tí ìrora bá dé. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń ra diclofenac ọjọ́ mẹ́ta, tí yóò di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tí yóò di oṣù mẹ́ta.

Kì í ṣe pé kí ẹnikẹ́ni máa jẹ̀rora. Ẹni tí ìrora kò jẹ́ kí ó sùn kò lè yára sàn. Ohun tí ó tọ́ ni pé kí ẹni tí egungun rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kán kọ́kọ́ gbára lé paracetamol, nítorí kò fi bẹ́ẹ̀ kan iṣẹ́ tí ń lọ ní ojú egungun. Hóró méjì ti 500 mg ni àgbàlagbà lè lò lẹ́ẹ̀kan, kò sì gbọ́dọ̀ ju hóró mẹ́jọ lọ láàárín wákàtí 24, nítorí ẹ̀dọ̀. Bí èyí kò bá ká a, dókítà lè fi ibuprofen ọjọ́ díẹ̀ kún un, pàápàá fún ọmọdé. Lílò rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ lórí ọ̀sẹ̀ láìsí ẹni tí ń ṣọ́ ọ ni kò dára, kíndìnrín àti ikùn náà yóò sì sọ tiwọn. Ẹni tí ó ń mu sìgá, ẹni tí ó ní ìtọ̀ ṣúgà, àti ẹni tí egungun rẹ̀ ti kọ̀ láti so nígbà kan rí, kí wọ́n ṣọ́ra jù. Tramadol kì í ṣe ọ̀nà àbáyọ tí ènìyàn lè yàn fúnra rẹ̀, orílẹ̀-èdè yìí sì ti rí ohun tí ó ń sọ àwọn ọ̀dọ́ dà. Ẹni tí dókítà ní kí ó máa lo aspirin kékeré nítorí ọkàn tàbí àrùn rọpárọsẹ̀ kò gbọ́dọ̀ tìtorí ọ̀rọ̀ yìí dá a dúró láì kọ́kọ́ bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ẹ̀bi náà kì í ṣe ti olóògùn nìkan. Kò sí ẹni tí ó sọ fún un. Ìgbìmọ̀ tí ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ apoògùn ní Nàìjíríà, PCN, ni ó ń fún àwọn olóògùn kéékèèké ní ìwé àṣẹ. Bí wọ́n bá fi ọ̀rọ̀ egungun kún ohun tí wọ́n ń kọ́ wọn, kò ní gba ju wákàtí kan lọ. Ilé ìwòsàn náà ní ìpín tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ aláìsàn ni ó ń jáde pẹ̀lú POP lẹ́sẹ̀ àti ìwé tí ó sọ ọjọ́ tí wọn yóò padà wá, láìsí ohun tí ó sọ fún wọn nípa oògùn tí wọ́n lè rà nílé àti èyí tí wọn kò gbọ́dọ̀ rà. Ìlà méjì tí wọ́n bá kọ sí ẹ̀yìn ìwé náà, ní Yorùbá, ní Haúsá àti ní Gbagyi, olóògùn Karmo lè kà á kí ó tó ṣí ike diclofenac.